Ìkíni Àárọ̀ Àjàní

Ẹ̀yin ìyá tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe ọmọ yín fún, tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, tí ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ pè, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí. Aránṣọ ni mí ní Ìlá Ọ̀ràngún, mi ò kàwé dókítà, mi ò sì ní fi orúkọ oògùn dà yín láàmú. Ohun tí ojú mi rí lára ọmọ mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ: bó ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe pè é ní ohun tí kì í ṣe, àti ibi tó bá wa dé. Àwọn kan nínú ẹbí wa ò fẹ́ kí n sọ ọ́. Wọ́n ní abẹ́ aṣọ ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí sí. Èmi tí mò ń rán aṣọ mọ ohun tí abẹ́ aṣọ lè gbà, kò lè gba èyí.

Àjàní ni oríkì rẹ̀, òun náà la sì ń pè é nílé. Mo bí i wẹ́rẹ́, ó ké, ó mu ọyàn. Nígbà tó tó oṣù mẹ́ta, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi tó wà níwájú ilé, mo tẹ́ ẹní fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Ọmọ náà fẹ́ràn ariwo maṣíìnì. Bí mo bá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òun náà á máa dá a lóhùn, "àgùú, àgùú", á fà á gùn, á rẹ́rìn-ín sí i. Bí mo bá dúró láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òun náà á dákẹ́, á máa wò mí bíi pé mo dá eré òun dúró. Àwọn oníbàárà mi ní olórin ni mo bí. Ní ti oorun, ó ń sùn bí ọmọ ṣe ń sùn: á sùn lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, á jí lọ́sàn-án, á tún sùn nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọjá lọ sílé. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n fi ohùn yẹn pamọ́ sọ́kàn dáadáa. Mo rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ni, pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ọkọ mi ṣe rí. Màmá, ìyá ọkọ mi, ni olórí ilé. Obì ló ń tà kí orúnkún tó dá a dúró. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde nílé láìjẹ́ pé ó lọ kí Màmá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, Màmá á sì fi oríkì dá oníkálukú lóhùn. Ó lè máa kì ọ́ títí orúnkún á fi máa ro ọ́. Ọkọ mi tó ti ń hu ewú lágbọ̀n ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ kó tó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí oko kòkó lọ́nà Òkè-Ìlá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Màmá kì í sì í fi ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ ṣeré.

Àjàní ti lé ní oṣù márùn-ún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà Màmá, mo gbé e jókòó sórí ẹní, mo fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn. Lójijì ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú, orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì ká tẹ̀ lé e. Ó ṣe é fírí, ara rẹ̀ tún tú. Ó ṣe "ẹ́hẹn" kékeré kan lọ́fun. Kí n tó mọ ohun tí mò ń wò, ó tún tẹ̀ wálẹ̀, ó tún ṣe é, ó tún ṣe é.

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyàwó, ṣé o rí i? Ọmọ yìí ń dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó ki Àjàní fúnra rẹ̀, ó ki baba rẹ̀, ó ki baba ńlá rẹ̀ tí èmi ò bá láyé, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Bí Àjàní bá ti tẹ̀ wálẹ̀, Màmá á ní, "O káre, Àjàní. Ó tó, dìde, ọmọ mi." Nígbà tí ọmọ náà ṣe é tán, ó bú sẹ́kún. Màmá ní oríkì ló wọ̀ ọ́ lára. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè rán aṣọ. Ta ló máa bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ ò ní dùn?

Àárọ̀ kejì, ó tún ṣe é. Ó di ohun tí àwọn èèyàn ń wá wò. Màmá á ní kí n má tíì fún un lọ́yàn, kí n gbé e wá bó bá ṣe ń la ojú. Adúmáadán fi fóònù rẹ̀ ya fídíò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni Adúmáadán, ó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, èmi ni mo fún un ní Adúmáadán, ó sì yẹ ẹ́. Àwọn ará Èkó ń pè, àwọn ará Ìlọrin ń pè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ní àlùfáà ni ọmọ yìí máa dà, ẹni tí kò tíì hu eyín tó ti mọ̀ pé àgbà là ń tẹrí ba fún. Bàbá Òkè-Ìlá, tó jẹ́ àbúrò baba ọkọ mi, gun ọ̀kadà wá láti gba ìkíni tirẹ̀. Ó fi owó sí i lọ́wọ́. Owó náà jábọ́, àwa sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ti ń di ṣíbí mú lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ni.

Èmi tí mò ń wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kan ti lọ. Mò ń tẹ maṣíìnì lọ́jọ́ kan, mo dúró láti gé òwú, ibi gbogbo sì pa rọ́rọ́. Mo rò pé ó ti sùn. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òrùlé. Mo tún tẹ maṣíìnì, mo tún dúró. Kò dá mi lóhùn. Mo fi ẹnu ara mi ṣe "àgùú" fún un bí òun ṣe máa ń ṣe é, kò tilẹ̀ yíjú sí mi. Bí mo ṣe pàdánù ohùn yẹn nìyẹn. Mi ò mọ ọjọ́ tó lọ gan-an, ìyẹn sì máa ń dùn mí títí di òní, pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń lọ, ariwo maṣíìnì ni kò jẹ́ kí n gbọ́.

Oorun rẹ̀ náà dàrú. Kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Ìgbà tí ilé bá ń gbóná lọ́sàn-án ni yóò sùn fọnfọn, ìgbà tí gbogbo ayé bá sùn ni yóò lajú, tí yóò sì máa fi ohùn tínrín kan sunkún tí ọyàn ò lè pa lẹ́nu mọ́. Nígbà míì ó lè sùn ìwọ̀n tí mo fi ń pa etí aṣọ kan, kó sì jí. Gbogbo ìgbà tó bá jí ló ń ṣe ìkíni náà.

Ọjọ́ ọjà kan ni ojú mi là. Gbogbo èèyàn ti lọ sọ́jà, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àjàní sùn sórí ẹní, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ "ẹ́hẹn" lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn. Ọmọ mi ti jí, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ògiri. Ó na ọwọ́, orí rẹ̀ tẹ̀, ó ká, ó tú. Ó tún ṣe é. Mo sáré bọ́ sí àárín òun àti ògiri, mo pè é, mo pàtẹ́wọ́ lójú rẹ̀. Kò rí mi. Ó ń kí lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rò ó padà. Kò kí Màmá rí àfi bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àlejò tó bá dé nígbà tí ojú rẹ̀ ti là dáadáa, kò kí i rí. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi máa ń ní kí n tètè gbé e wá. Mo gbé e mọ́ àyà, mo jókòó de Màmá.

Nígbà tí Màmá dé, mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìkíni yìí ò yé mi mọ́. Ó kí ògiri lónìí."

"Ṣé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni ìwọ rí ni?"

"Màmá, kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Kì í rẹ́rìn-ín."

"Ọmọ tó bá ní làákàyè kì í ṣe wótowòto. Fi í sílẹ̀, ìyàwó. Ìwọ náà, lọ sinmi."

Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ní inú rírun ni. Òmíràn ní giri ni, ó ní kí n fi àdín pa á lára. Mo fi pa á, àdín kò ṣe é níbi, kò sì ṣe é lóore. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìgò àgbo kan dé, tí ewé tábà àti ìtọ̀ màlúù wà nínú rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ kún ilé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì lọ dà á sẹ́yìn ilé. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, mo sì ti ń mọ̀ nígbà náà pé ètè ni èyí.

Ọkọ mi gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn nílùú. Èrò pọ̀. A jókòó títí Àjàní fi sùn, ó jí, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi, ó ṣe é tán, kí wọ́n tó pè wá. Nígbà tí a wọlé, ó ń wojú gbogbo wọn. Wọ́n wọn ìwúwo rẹ̀, ara rẹ̀ ò gbóná, kò bì, kò ṣu jù. Kí ni wọ́n fẹ́ rí? Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, mo tilẹ̀ na ọwọ́, mo tẹrí ba bí ó ṣe ń ṣe é, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rò pé mò ń bẹ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fún wa ní oògùn inú. A padà lọ, ó tún rí bákan náà.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí nǹkan sú òun. Ó ní a ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo. Màmá ò dá wa dúró. Ó kàn ní, "Ẹ fẹ́ lọ sọ fún dókítà pé ọmọ yín ní ẹ̀kọ́."

Dókítà obìnrin kan ló rí wa, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, èrò tó wà níta ju ti ilé ìwòsàn ìlú wa lọ. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ tán. Ó béèrè bóyá a ní fídíò rẹ̀. Mo rántí ti Adúmáadán. Ọkọ mi gbé fóònù lé orí tábìlì.

Yàrá náà kéré, ohùn Màmá sì kún un. "O káre, Àjàní. Tún mi kí. Ó tó, dìde, ọmọ mi." Ẹ̀rín àwọn ará ilé tẹ̀ lé e. Lábẹ́ ẹ̀rín náà ni mo ti gbọ́ "ẹ́hẹn" ọmọ mi. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká tún gbé e sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pa ohùn fídíò náà.

Mo wo ọmọ mi láìsí ohùn Màmá níbẹ̀. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí a ti ń wò láti ọjọ́ yìí. Nǹkan kan ń gbá ọmọ náà mú, ó ń tú u sílẹ̀, ó tún ń gbá a mú, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀rù. Ọkọ mi yíjú sí fèrèsé.

"Ìkíni kọ́ nìyí, ìyá Àjàní," dókítà sọ fún mi. "Warapá ni, irú èyí tó máa ń mú ọmọ ọwọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń jí lójú oorun ló sábà máa ń dé."

"Ṣùgbọ́n kò ṣubú rí, dókítà. Itọ́ ò hó lẹ́nu rẹ̀."

"Irú èyí kì í hó itọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi tètè mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ohùn rẹ̀ á padà?"

Ó gbé fóònù padà fún ọkọ mi. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá èyí dúró ná. Bó bá ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀ sí i ni ohun tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé padà sílé. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbé e dání.

Wọ́n ní kí a padà wá kí wọ́n fi wáyà ká orí rẹ̀, láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó bá sùn àti nígbà tó bá ń jí, kí a má sì jẹ́ kó sùn lọ́nà, kó lè sùn níwájú wọn. Ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ pé kó sùn, èmi ni mo wá ń bẹ̀ pé kó má sùn láti Ìlá títí dé Òṣogbo. Mò ń fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀, mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i létí, mò ń kọ gbogbo orin tí mo mọ̀. Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ̀ ń fìyà jẹ ọmọ, ẹ jẹ́ kó sùn." Mò ń kọ orin mi lọ. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ orí rẹ̀, ó sùn lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń jí, ó dọ̀bálẹ̀, àwọn ìlà tó ń lọ lójú ẹ̀rọ sì dàrú. Mo rí i fúnra mi. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ilé ló wá le jù. Ọkọ mi sọ orúkọ àìsàn náà fún ẹbí, Bàbá Òkè-Ìlá sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kò sí warapá nínú ìdílé wọn. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ Adúmáadán. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan itọ́ ọmọ náà. Ó yọ àgúnmu kan nínú àpò, ó ní kí a fi oògùn òyìnbó sílẹ̀ ná, méjèèjì kì í jọ ṣiṣẹ́. "Èmi ni mo wà níbí báyìí," ó ní. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Orí ọmọ tuntun ti ń wọ́ lójú gbogbo wa, à ń pàtẹ́wọ́ fún un."

Kò sí ìyàwó tó sọ irú rẹ̀ rí nínú ilé náà. Màmá ló wá bi mí léèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ pé rárá: "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé àìsàn ni mo ti ń kì?"

Mo gba fóònù lọ́wọ́ Adúmáadán, mo pa ohùn fídíò náà bí dókítà ṣe pa á, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màmá. Ó wò ó tán. Ó gbé fóònù náà lé orí àga, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá Òkè-Ìlá kó àgúnmu rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn yẹn ò ṣí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tó tì, ó dìde, ó lọ sóko. Mi ò rí irú rẹ̀ rí látìgbà tí mo ti wọ ilé wọn.

Ọ̀sán ni Màmá jáde. Mò ń gbìyànjú láti fún Àjàní ní oògùn rẹ̀, ó ń tu ú dànù. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé orí ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó dì í mú, ó ní, "Da a sí i." Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì ni a jọ ń fún un.

Oògùn náà kì í sí ní Ìlá. Òṣogbo la ti ń rà á, nígbà míì Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wá a fún wa. Ọkọ mi ta kòkó tó fẹ́ fi pamọ́, èmi ta maṣíìnì mi kejì, Màmá ta ohun tí kò jẹ́ ká mọ̀. Ojú ọmọ náà wú, ebi ń pa á ṣáá, ó ń sunkún tọ̀sán-tòru. Àwọn ará àdúgbò ní a ti fi oògùn ba ọmọ jẹ́. Èmi náà ń bẹ̀rù pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ìkíni náà ń dín kù. Lẹ́yìn náà, àárọ̀ ọjọ́ kan dé tí a jókòó tì í nígbà tó ń jí, tó la ojú, tó na ara, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. À ń dúró. Kò tẹ̀ wálẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ sunkún.

Bí ẹlòmíràn bá ń sọ ìtàn yìí, ibí yìí ni yóò parí rẹ̀ sí. Tiwa ò parí síbẹ̀. Ó ti pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Àjàní kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà tí irú warapá mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, oògùn mìíràn sì tẹ̀ lé e, a ò tíì bọ́ nínú rẹ̀ dòní. Àjàní ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin báyìí. Kò rìn. Ó lè jókòó bí a bá fi ìrọ̀rí tì í. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí, kò pè mí ní màmá rí. Oorun rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò díẹ̀, ó ń sùn nígbà tí àwa náà bá ń sùn, ẹni tí kò bá tíì rí òdì kejì rẹ̀ kò lè mọ bí èyí ti tóbi tó. Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ ọjọ́. Bí oorun bá ń kùn ún, á máa kùn nímú. Ebi ní igbe tirẹ̀. Èyí tó jẹ́ "ẹ́hẹn", bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo máa ń sáré.

Nígbà míì, bí mo bá dúró láti ki òwú, mo máa ń gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ó rọra ń fà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń dá maṣíìnì lóhùn. Mo máa ń pẹ́ lórí òwú náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ilé ìwòsàn Òṣogbo, mo mọ obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní irú ti Àjàní. Ìyá yẹn rí i, ẹ̀rù bà á, ó sì gbé e wá lọ́sẹ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sí jẹ́léósinmi báyìí, ó ń sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ ń fẹjọ́ ìyá rẹ̀ sun dókítà. Mo bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Mo sì sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi wọ Ìlá.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Bí ọmọ yín bá ń jí lójú oorun, tó ń na ọwọ́, tó ń tẹrí ba léraléra, ẹ má kì í. Ẹ ya á sí fóònù, kí ilé dákẹ́, ẹ sì gbé e lọ. Ẹ má dúró kí itọ́ hó. Bí wọ́n bá ní inú rírun ni, tí ọkàn yín ò gbà, ẹ tún padà lọ, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ má dá oògùn dúró lójijì nítorí ẹnu àwọn èèyàn. Itọ́ ọmọ náà kì í ran ẹnikẹ́ni, ojoojúmọ́ ni mò ń fi ọwọ́ mi nù ún. Ẹ sunkún bó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ sì fetí sí ohùn ọmọ yín. Bó bá dákẹ́, ẹ má rò pé ọgbọ́n ló gbọ́n.

Nílé wa, a ṣì ń kí Màmá láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kì í dúró mọ́ kí a gbé Àjàní wá. Òun ló ń di ògiri mú bọ̀ wá sí yàrá wa, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, tí yóò sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ náà kó tó jí. Nínú ilé tí ọmọdé ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àgbà, òun ló ń kọ́kọ́ kí i: "Àjàní, o ò jíire bí?" Ó máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí. Bí mo bá ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn, mo máa ń gbọ́ àdúrà rẹ̀. Kò gùn. "Olúwa, má jẹ́ kó kí mi lónìí."

Bí ó bá la ojú, tó na ara, tí orí rẹ̀ ò tẹ̀ wálẹ̀, Màmá á ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Lẹ́yìn ìyẹn ni àwa yòókù tó ń kúnlẹ̀.